Òwú Pupa Lọ́rùn Aṣọ Nọ́ńbà Márùn-ún

Ọjọ́ tí mo rí èèkàn mẹ́rin tí wọ́n kàn mọ́ pápá wa ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Ọ̀kan wà lẹ́bàá ojú àwọ̀n, ọ̀kan wà ní àárín gbùngbùn, ibi tí a ti máa ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó fi téèpù kọ́rùn ń kọ nǹkan sínú ìwé. Mo bi í pé kí ló ń wọ̀n, ó ní ilé ìkẹ́rùsí ni. Ó fèsì bí ẹni tó ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀.

Ilé iṣẹ́ aránṣọ ni wá. Obìnrin bí igba la wà níbẹ̀, tí à ń rán ṣẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pápá yẹn sì ni ibì kan ṣoṣo nínú ọgbà náà tí kò sí ariwo ẹ̀rọ. Èmi ni kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, tó ń bá ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn díje. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì máa ń bínú bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó máa bínú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Àgbà pè mí sí ọ́fíìsì. Kò ní kí n jókòó.

"Kóòṣì, góòlù mélòó ló ti wọ àwọ̀n yín láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Nínú eré mélòó?"

"Ogún, sà."

"Ẹ̀rọ ìránṣọ tó bá ń ba aṣọ jẹ́ tó báyẹn, a ti gbé e sọnù tipẹ́." Ó ṣí ìwé kan, ó tún pa á dé. "Eré méjì ló kù. Bí ẹ bá já bọ́ sí ìpele kejì, mo máa kọ́ ilé ìkẹ́rùsí mi sórí pápá yẹn, kí kálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Mi ò ní bá yín fa ọ̀rọ̀."

Póìǹtì kan la nílò. Ẹyọ kan péré! Bí a bá ta ọ̀mì nínú ọ̀kan nínú eré méjèèjì, a ti yè. Àwọn ọwọ́ iwájú wa ò sì burú, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló ń jò bí òrùlé tí ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi gan-an fún yín. Ayẹṣọwò ni mí. Mo máa ń jókòó sídìí tábìlì gígùn kan lábẹ́ iná funfun, ṣẹ́ẹ̀tì á sì máa dé ọ̀dọ̀ mi ní ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bébà pélébé kan máa ń wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ẹni tó rán an ló wà níbẹ̀. Bí mo bá rí ibi tí okùn ti fò tàbí tí kọ́là ti wọ́, màá so òwú pupa mọ́ ọrùn aṣọ náà, màá jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ mi, màá sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Àwọn aránṣọ bẹ̀rù òwú pupa yẹn ju Ọ̀gá Àgbà lọ. Ẹni tó bá gba mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ti ń múra àtilọ sílé.

Bí mo ṣe ń ṣe aṣọ náà ni mo ṣe ń ṣe bọ́ọ̀lù. Mo ní ìwé kékeré kan. Góòlù tó bá wọ àwọ̀n wa, màá kọ nọ́ńbà ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Mi ò kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ni mò ń wò. Mo ti fi ìyẹn yangàn káàkiri títí ó fi sú àwọn èèyàn.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló kún inú ìwé náà báyìí. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pe obìnrin tó ń wọ̀ ọ́, nítorí pé bí ẹ bá bú u, yóò rẹ́rìn-ín, bí ẹ bá yìn ín, yóò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì lẹ́yìn ló yẹ kó máa ṣọ́. Góòlù mọ́kànlá ti gba ọwọ́ òsì yẹn wọlé, gbogbo ìgbà yẹn ni Ẹlẹ́rìn-ín sì wà ní àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà márùn-ún, bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Nọ́ńbà márùn-ún ni àbúrò mi. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo tọ́ ọ. Ara ògiri ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, títí tí onílé fi ní òun máa lé wa. Àwọn èrò ìwòran ló sọ ọ́ ní Géètì nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, òun sì ni balógun ẹgbẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń pè mí ní Kóòṣì. Òun nìkan, àní lórí pápá, Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí. Mo ti bá a jà sí i títí, kò gbọ́. Ní ilé iṣẹ́, kọ́là ló ń rán ní láìnì kẹta, Ẹlẹ́rìn-ín ló sì jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Nígbà tí a ń gbára dì fún eré tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, mo pariwo títí ọ̀fun fi ń dùn mí.

"Ẹlẹ́rìn-ín! Kí lò ń wá ní àárín? Ṣé wọ́n ń pín nǹkan níbẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Kóòṣì. Ẹsẹ̀ ló gbé mi lọ."

"Kí ẹsẹ̀ ọ̀hún gbé ẹ lọ sórí bẹ́ńṣì nígbà náà. O ti kúrò."

Àbúrò mi rìn wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni kí ẹ bá wí."

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ nìkan lo kù tó ń dì wá mú. Lọ dúró sáyè ẹ."

Ẹlẹ́rìn-ín wo ojú rẹ̀, àbúrò mi wo ilẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni, mo sì yí ẹ̀yìn sí wọn.

Onípáálí ni mo fi rọ́pò Ẹlẹ́rìn-ín. Ibi ìdìpọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kó ṣẹ́ẹ̀tì sínú páálí tó sì ń gbé e lọ sínú ọkọ̀. Ó ga, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì lè kún ṣíbí. Mo sọ fún un pé bí ilé ń jó, kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì. Ó ní, "Mo gbọ́, Kóòṣì." Ó sì gbọ́ lóòótọ́, torí kò sẹ́ni tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá títí eré fi parí.

Ṣùgbọ́n àwọn Oníbúrẹ́dì, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, na wá ní márùn-ún sí ẹyọ kan.

Àárín ni gbogbo rẹ̀ gbà, láàrin Onípáálí àti àbúrò mi. Nínú góòlù kìíní, ọmọbìnrin kan sáré gba ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì Géètì kọjá, Géètì ò tilẹ̀ mira. Nínú ìkejì, bọ́ọ̀lù já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń wá a sí. Èmi ń kígbe mọ́ Onípáálí láti etí pápá, mò ń bú u pé kí ló ń wò. Nígbà tí rẹfirí fun fèrè ìparí, ó wá dúró níwájú mi, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Kóòṣì, ibi tí ẹ ní kí n dúró sí ni mo dúró sí."

Òótọ́ ni. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo mú ìwé mi jáde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó yẹ kí n kọ márùn-ún. Pẹ́ńsùlù dúró lórí ìwé, ó kọ̀, kò lọ. Nígbà tó yá, mo kọ mẹ́ta, nọ́ńbà tí Onípáálí wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kọ mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Èmi tí mi ò kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ìdì ṣẹ́ẹ̀tì kan dé tábìlì mi láti láìnì kẹta, nọ́ńbà àbúrò mi wà lára rẹ̀. Mo na kọ́là àkọ́kọ́ sábẹ́ iná. Ẹni tó bá ti yẹ aṣọ wò fún ọdún púpọ̀ máa ń dá ọwọ́ aránṣọ mọ̀ bí a ṣe ń dá ohùn èèyàn mọ̀. Láti ọwọ́ ọ̀tún títí dé àárín kọ́là, ọwọ́ àbúrò mi ni, ó wẹ́, ó gún, ó le. Láti àárín lọ sí òsì, okùn náà tóbi sí i díẹ̀, ó sì tẹ̀ níbi igun. Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ni. Mo wo ìkejì, mo wo ìkẹta, mo wo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọwọ́ méjì ló wà nínú kọ́là kọ̀ọ̀kan; ibi tó bàjẹ́ nìkan ni mo ti ń wá tẹ́lẹ̀, mi ò wo ọwọ́.

Mi ò so òwú pupa mọ́ ìkankan. Mo dìde, òwú náà sì wà lọ́wọ́ mi láìmọ̀, odindi kẹ̀kẹ́ òwú.

Ariwo ẹ̀rọ ní láìnì kẹta kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Mo lọ dúró sí ọwọ́ òsì àbúrò mi. Mo sún mọ́ ọn débi pé bí mo bá mí, irun rẹ̀ á mì. Ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó rán kọ́là dé àárín, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí itan, ó fi í kọjá lábẹ́ tábìlì. Ẹlẹ́rìn-ín gbà á láìwò, ó rán apá tó kù, ó tún fi í ránṣẹ́ padà lábẹ́ tábìlì kan náà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójú mi. Mo na ọwọ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ òwú pupa náà sórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá òsì rẹ̀. Kò rí i. Mo ju ìka mi síwá-sẹ́yìn níwájú ojú òsì rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Ẹlẹ́rìn-ín ló gbójú sókè. Ó rí mi, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀.

Ìgúnpá àbúrò mi kan òwú náà, ó yí, ó já bọ́. Ó yí gbogbo orí pọ̀ mọ́ ọrùn kó tó rí ohun tó já bọ́, kó tó wá rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà wo lẹ dé?"

"Ó ti pẹ́," mo ní.

Nígbà tí agogo ìsinmi lù, a lọ sí ibi ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé iṣẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo bi àbúrò mi pé láti ìgbà wo.

"Oṣù kẹjọ rèé. Ojú òsì náà kọ́kọ́ dà bí ẹni fi aṣọ bò ó. Nígbà tó yá, ó ṣú pátápátá. Dókítà ojú ní èyí tó lọ ti lọ."

"O ò sì lè sọ fún mi? Èmi tí mo nu imú fún ẹ?"

Ẹlẹ́rìn-ín ló dáhùn fún un. "Kóòṣì, ayẹṣọwò lẹ jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òfin kan wà lórí láìnì tí wọn ò kọ sórí ògiri. Bí ara ẹnìkan ò bá yá, bí ọmọ bá ń dà á láàmú, bí ọwọ́ rẹ̀ bá falẹ̀, ẹni tó jókòó tì í á gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ìdì á pé, ọ̀gá láìnì ò ní mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dé etí ayẹṣọwò. Èmi náà ti jókòó sórí láìnì fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò lè ríran nítorí ẹkún ikú ìyá wa, àwọn kan ló gba iṣẹ́ mi rán. Mo ti gbàgbé. Wọ́n wá gbé òfin yẹn lọ sórí pápá. Fún oṣù mẹ́jọ ni Ẹlẹ́rìn-ín fi ń ṣọ́ ààyè èèyàn méjì, ààyè tirẹ̀ ń ṣófo, èmi sì ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n wa mọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Ó yẹ kí n bẹ Ẹlẹ́rìn-ín. Ìbínú ló jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ti bá mi sin ẹgbẹ́ yìí. Ẹ ti bá Ọ̀gá Àgbà gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò mi di apá mi mú. "Eré kan ló kù. Ẹ jẹ́ kí n gbá a. Lórí láìnì, nọ́ńbà ni mí. Tí mo bá kúrò lórí pápá, ta ló máa pè mí ní Géètì mọ́? Ẹ jọ̀ọ́. Ẹyọ kan péré."

Mo ní màá rò ó. Kí ni mo fẹ́ rò? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya pápá sórí tábìlì iṣẹ́ mi, mo to èèyàn sí i, mo nù ún, mo tún un tò. Ibi tí mo bá ti gbé nọ́ńbà márùn-ún kúrò ni gbogbo rẹ̀ ti ń dọ́gba. Mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí kọ́là tó wọ́. Tí mo bá sì délé, tí mo bá rí i tó ń yí gbogbo orí kó tó lè bu omi, màá gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo dá Ẹlẹ́rìn-ín padà sí ọwọ́ òsì, mo fi àbúrò mi sí àárín, mo ní kí Onípáálí jókòó. Mo sọ fún gbogbo wọn pé ọgbọ́n ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí.

Àwọn Ọlọ́ṣẹ la bá pàdé, ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ òórùn wọn kí ẹ tó rí wọn. Àwọn ló wà lókè pátápátá, kò sì sẹ́ni tó gbá góòlù tó wọn. Kóòṣì wọn kì í ṣe òpè. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi rí i pé nọ́ńbà mẹ́ta wa ń sá wọ àárín, ó sì ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù sí ibi tó ṣófo. Góòlù kìíní gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín wá sá padà lọ dí i, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ òsì àbúrò mi wọlé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó yí orí, ó ti pẹ́ jù. Méjì sí òdo. Ọ̀gá Àgbà dúró lábẹ́ agbòòrùn ní ẹ̀gbẹ́ wáyà tó yí pápá ká. Ọkùnrin onítéèpù dúró tì í.

Inú yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ tó bàjẹ́ sí la ti máa ń pààrọ̀ aṣọ. Nígbà ìsinmi ìdajì eré, a wọ ibẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ti sáré èèyàn méjì. Mo wò ó, mo wo àbúrò mi. Lórí láìnì, èèyàn lè fa kọ́là kọjá lábẹ́ tábìlì. Pápá ò ní abẹ́ tábìlì. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ Ajé, mi ò kàn fẹ́ gbà ni.

Mo mú ìwé jáde, mo kọ ohun tí mo rí.

"Nọ́ńbà wo lẹ kọ?" àbúrò mi bi mí.

"Márùn-ún."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó wo mẹ́ta márùn-ún tó tò síbẹ̀ títí.

"Irọ́ lẹ kọ síbí."

"Irọ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò pa irú irọ́ yìí rí." Kò pariwo. Ó gba pẹ́ńsùlù, ó fa ìlà sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó dá ìwé padà fún mi. Ó wá dúró, ó ń wò mí. Ó ń dúró kí n sọ ọ́. Kò fẹ́ bá mi sọ ọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

"Onípáálí," mo ní, "gba nọ́ńbà márùn-ún."

Àwa tí à ń rán ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ṣẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀, jẹ́sì mọ́kànlá péré ni wọ́n fún wa. Ẹni tó bá wọlé ló ń gba aṣọ lára ẹni tó jáde. Àbúrò mi bọ́ jẹ́sì náà, ó tutù fún òógùn, ó fún Onípáálí. Ó tú okùn balógun kúrò lápá, ó so ó mọ́ apá Ẹlẹ́rìn-ín.

"Dúró sáyè ẹ," ó sọ fún un. "Má wá sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. O ti ṣe tó."

Ẹlẹ́rìn-ín fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Bí mo bá ní ọwọ́ ẹ̀yìn wa yí padà nínú ìdajì kejì, mo ṣì bù ú kù. Ẹlẹ́rìn-ín dúró sí ọwọ́ òsì, kò kúrò níbẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì wá bá a níbẹ̀ ń kábàámọ̀. Onípáálí dúró sí àárín bó ṣe máa ń dúró sẹ́nu ọkọ̀ ẹrù, gbogbo ohun tó bá wá lókè ló ń fi orí gbà, gbogbo ohun tó bá wá nílẹ̀ ló ń gbá síta, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọwọ́ iwájú wa ò ní láti máa sá padà wá ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n dúró síwájú, wọ́n sì gbá ọ̀kan wọlé. Àwọn Ọlọ́ṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, Ẹlẹ́rìn-ín gbé bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ òsì, bọ́ọ̀lù gígùn kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ iwájú wa sì fi orí kàn án wọ àwọ̀n. Méjì sí méjì.

Gbogbo ìgbà yẹn, àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì, ó wọ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó yí orí sí òsì kó lè rí gbogbo pápá.

"Onípáálí ń dúró dáadáa," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó sàn jù mí lọ."

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ó yẹ kí n sọ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi wà lára Onípáálí, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lókè, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Rẹfirí fun fèrè. Wọ́n bò mí mọ́lẹ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n da omi lé mi lórí. Ọ̀gá Àgbà pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó sì lọ. Ọkùnrin onítéèpù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èèkàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ò dùn. Mo ń ké, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ti gbàgbé ohun gbogbo fún bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo yíjú sí bẹ́ńṣì, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Wọ́n ní ó gba jẹ́sì lọ́wọ́ Onípáálí pé òun máa fọ̀ ọ́, ó sì ti lọ. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sùn lọ́jọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá jẹ́sì nọ́ńbà márùn-ún lórí tábìlì mi, lókè ìdì ṣẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ dé. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a bí a ṣe ń ká aṣọ tó ń lọ sínú páálí. Òwú pupa wà lọ́rùn rẹ̀, ó so ó ní kókó méjì bí mo ṣe máa ń so ó.

Mo jókòó. Mo na jẹ́sì náà sábẹ́ iná, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo wo ọrùn, mo wo apá, mo yí i padà, mo wo inú, mo fi ìka tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà yíká. Kò sí ibi tí okùn ti fò. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé òwú pupa náà kúrò, mo sì rìn lọ sí láìnì kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo dúró sí, níbi tó ti lè rí mi.

Ó rí mi. Kò dá ẹ̀rọ dúró.

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò," mo ní. "Mi ò rí nǹkan kan tó ṣe é."

Ó rán kọ́là dé àárín, ó fi í kọjá lábẹ́ tábìlì sí Ẹlẹ́rìn-ín, níṣojú mi, èmi ayẹṣọwò. Ó mú òmíràn.

"Ẹ tún un wò dáadáa, Kóòṣì," ó ní.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú jẹ́sì náà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ láyé, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.